Irin wà nínú àgbàdo wa: kí ló dì í mú?

Ọ̀rọ̀ àgbàdo la mú wá lónìí.

Ìyá kan bi wá ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò tó. Ó ní: "Ọmọ mi ń jẹ ọkà àgbàdo láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Ó ń yó. Kí ló wá dé?"

Ìyá wa, ibà àti aràn máa ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi ti ilé ìwòsàn ṣeré. Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ní ọwọ́ níbẹ̀.

Ẹ mú hóró àgbàdo kan, kí ẹ wo ojú rẹ̀, ibi tó ti máa ń hù. Ibẹ̀ ni àgbàdo kó ohun kan pamọ́ sí jù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fítátì. Kì í ṣe májèlé. Oúnjẹ ni fún èyí tó fẹ́ hù, bí ìyá ṣe ń tọ́jú owó de ìkómọ. Àmọ́ fítátì máa ń di irin àti síńkì mú ṣinṣin, ikùn ènìyàn ò sì lè tú u dáadáa. Irin tó yẹ kó di ẹ̀jẹ̀, ẹnu ló bá wọlé, ìgbẹ́ ló bá jáde.

Ṣé a lè rí àgbàdo tí fítátì rẹ̀ kéré? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, Victor Raboy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn sí lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo kí àbùdá rẹ̀ lè yí padà. Wọ́n gbìn ín, wọ́n ṣà á, wọ́n sì rí irú kan tí fítátì rẹ̀ fi ìdajì dín, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1998, wọ́n fi irú àgbàdo yìí ṣe oúnjẹ fún àwọn ọkùnrin kan. Nínú irin 100, 5 àti ààbọ̀ ló wọ ara àwọn tó jẹ àgbàdo lásán. Ti àgbàdo tuntun lé ní 8.

Kí ló wá dé tí a ò tíì gbìn ín? Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AS àti SS tí a ti sọ níbí. Ọmọ ò lè jẹ́ SS àfi tó bá gba S lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba S lọ́dọ̀ ìyá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àbùdá yìí. Lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo ni bàbá, irun ẹnu ọmọ àgbàdo ni ìyá. Hóró gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ méjèèjì. Bí atẹ́gùn bá gbé lẹ́búlẹ́bú oko aládùúgbò rẹ wá, fítátì tún pọ̀ padà nínú àwọn hóró tó gbà á. Ìyẹn nìkan kọ́: irúgbìn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hù dáadáa, ìkórè rẹ̀ sì máa ń dín.

Iṣẹ́ ò dúró o. Ní 2007, àwọn onímọ̀ rí àbùdá náà gan-an. Ó dà bí ẹnu-ọ̀nà tí fítátì ń gbà dé ibi ìpamọ́. Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ nínú ojú hóró nìkan, àgbàdo náà sì hù dáadáa.

Èmi ò tíì rí irú rẹ̀ lọ́jà Pobè. Bí ẹnìkan bá ń ta "àgbàdo tó ń fún ni lẹ́jẹ̀" fún yín lówó gọbọi, ẹ bi í pé: "Níbo lo ti rí i? Báwo ni mo ṣe máa gbìn ín jìnnà sí ti ẹlòmíì?" Tí kò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Àwọn ìyá ìyá wa ti mọ̀ ọ́n. Rírẹ àgbàdo, lílọ̀ ọ́, sísẹ́ ẹ, kó sì kan, ó máa ń dín fítátì kù. Ìyá wa, dípò ọkà ìyẹ̀fun gbígbẹ nígbà gbogbo, ẹ fún ọmọ ní ògì tó kan dáadáa, tàbí ẹ̀kọ. Ẹ fi ẹja kún un. Bó bá jẹun tán, ẹ fún un ní ọsàn: ó ń ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Bí wọ́n bá sì fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ẹ rí i pé ó lò ó tán.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:
1. Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ń rẹ àgbàdo ògì nílé yín? Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kó kan?
2. Oko àgbàdo ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín? Ṣé ẹ lè jọ yan irúgbìn kan náà?

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.