Ẹ Má Fi Ìkánjú Wo Vienna

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A máa ń rántí òwe yìí nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ fàájì, a ti gbàgbé ẹ̀. Ẹlòmíì á gba ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́ ní London, á wọ bàálù lọ sí Vienna, olú ìlú Áústríà, á sáré ya fọ́tò kiri ìgboro, ẹsẹ̀ wíwú ló máa gbé délé. Àánú irú wọn máa ń ṣe mí, nítorí ìlú yẹn kò lé ẹnikẹ́ni.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kó dúró pẹ́ síbì kan ló lè la ojú ẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ Sátidé, ẹ lọ sí Kunsthistorisches Museum, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1891. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rí i tán. Yàrá ayàwòrán Pieter Bruegel ni kí ẹ wá lọ tààrà. Àwòrán ọlọ́dà 12 tó yà ló wà nílé yẹn. Kò síbòmíì láyé tí wọ́n ti ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó ti ẹyọ kan, èyí tó yà nípa ìgbéyàwó àwọn ará oko ní nǹkan bí ọdún 1567.

Inú abà ni ìnáwó ọ̀hún wà. Ìyàwó jókòó síwájú aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ta sára ògiri, ó káwọ́ pọ̀, ó rẹjú sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà ni ọkùnrin méjì fi ń gbé àwo oúnjẹ bọ̀. Ọmọ kan tí fìlà bò lójú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lá àwo. Ọ̀kan nínú àwọn afunfèrè ti gbàgbé orin, oúnjẹ ló tẹjú mọ́. Ẹni tó bá ti jẹ ìgbéyàwó ní Ìbàdàn rí mọ gbogbo àwọn èèyàn yìí dáadáa. Ọkọ ìyàwó wá ńkọ́? Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí èwo ni. Ẹ fúnra yín wá a. Wákàtí kan á kọjá, ẹ ò ní mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yà sí ilé kọfí. Wọ́n á gbé ife omi ti kọfí yín, ẹ sì lè jókòó dìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tó máa lé yín dìde.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ tètè dé ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Belvedere kí èrò tó kún síwájú àwòrán ìfẹnukonu tí Gustav Klimt fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ẹ bá jáde, tíráàmù D tó ń kọjá níbẹ̀ á gbé yín dé Nussdorf, níbi tí ọgbà àjàrà ti bo òkè. Nǹkan bí hẹ́kítà 700 àjàrà ló wà nínú Vienna fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1784 tí Ọba Joseph Kejì ti fún àwọn àgbẹ̀ láṣẹ ni wọ́n ti ń ta wáìnì ara wọn nílé ọtí tí wọ́n ń pè ní Heuriger. Ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń sọ pé wọ́n ṣí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ wádìí kí ẹ tó gbéra.

Wáìnì Gemischter Satz ni kí ẹ béèrè. Oríṣiríṣi àjàrà ni wọ́n gbìn pọ̀ sóko kan, tí wọ́n kó pọ̀, tí wọ́n sì fún pọ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: bí òtútù bá pa èyí tó yára tanná, èyí tó pẹ́ á ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ kọ́kọ́ jẹun, ẹ gba omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì gba Achtel, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ lítà, dípò Viertel tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù alẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ fi ìpadàbọ̀ yín sí àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ má baà máa wo aago lórí òkè.