Òdòdó Oòrùn Inú Ìkòkò

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1888, ní ìlú Arles ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ya àwòrán òdòdó oòrùn mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé àwòrán National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: òdòdó, ìkòkò, orí tábìlì àti ògiri, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tí ń kánjú yóò rò pé òdòdó wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ewé rẹ̀ nà yọ bí ìtànṣán; òmíràn ti dorí kodò; ti òmíràn ti rẹ̀ dànù, ó ku kìkì orí tí ó kún fún irúgbìn. Ìkòkò náà kì í ṣe tánganran olówó iyebíye. Ìkòkò amọ̀ lásán ni, orúkọ ayàwòrán sì wà lára rẹ̀: Vincent. Ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀: apá òkè ìkòkò dúdú ju ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, apá ìsàlẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju tábìlì lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìkòkò ìbá pòórá sínú ìyeyè.

Nítorí pé Vincent kú ikú ìbànújẹ́ ní ọdún 1890, ní ẹni ọdún 37, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ẹkún ni òdòdó rírọ wọ̀nyí ń sun. Ọjọ́ tí a yà á kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Àlejò ni Vincent ń retí nígbà náà, Paul Gauguin, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ó sì ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ dè é. Oṣù Ọ̀kítóbà ni àlejò dé. Ìjà wọn di oṣù Dìsẹ́ńbà. Bí ó ti ń yà á, kùtùkùtù ni ó ń jí sí iṣẹ́, nítorí òdòdó tí a ti já kì í pẹ́ rọ. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó yà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé irú ọ̀dà ìyeyè kan tí Vincent lò máa ń ṣókùnkùn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á lọ́dọọdún. Nítorí náà, ibi tí òǹwòran òde òní ti rí ewé tí ó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀dà ni ó gbó, kì í ṣe òdòdó.