Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÌDẸ̀RA OWÓ ORÍ FÚN IṢẸ́ INÁ TÍ KÒ BA AFẸ́FẸ́ JẸ́

 

Láti ìgbà tí a ti ń jíròrò lórí bóyá kí ẹgbẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ iná oòrùn, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́: "Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló ń bá wọn san án." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Ìdí nìyí tí a fi mú un ṣe ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

1. Kí ni ìdẹ̀ra owó orí?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ yé ara wa. Ká ní oníṣòwò kan jèrè 1,000,000 náírà, tí owó orí sì jẹ́ náírà 20 lórí 100. Owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ 200,000 náírà.

Ọ̀nà kìíní: ìjọba lè ní kí ó yọ 100,000 kúrò nínú èrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Èrè di 900,000, owó orí di 180,000. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ kò ju 20,000 lọ.

Ọ̀nà kejì: ìjọba lè ṣírò owó orí tán, kí ó wá yọ 100,000 nínú owó orí gan-an. Yóò ku 100,000 péré láti san. Èyí ló dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ ìjọba ní owó orí, inú kí ni wọn yóò ti yọ ọ́ fún un? Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

2. Èéfín tí wọ́n ń sin

Ilé-iṣẹ́ tí ń fi èédú ilẹ̀ tàbí gáàsì ṣe iná mànàmáná máa ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì jáde, èyí tí ń mú kí ayé gbóná sí i. Wọ́n lè fi oògùn olómi fa kábọ́nì náà kúrò nínú èéfín, kí wọ́n fún un pọ̀, kí wọ́n fi páìpù gbé e lọ, kí wọ́n sì tì í sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ náà gbówó lórí, ó sì ń jẹ nínú iná tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe. Kò sí oníṣòwò tí yóò dédé ṣe é láìrí nǹkan kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba ti wọlé.

3. Àpẹẹrẹ ìpínlẹ̀ Texas

Ní 2009, ìpínlẹ̀ Texas ṣe òfin pé ilé-iṣẹ́ iná tuntun tó bá ń gba ó kéré tán 70 nínú 100 kábọ́nì rẹ̀ mú lè yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n fi kọ́ ọ kúrò nínú owó orí ilé-iṣẹ́, bí kò bá ti ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí iṣẹ́ bá parí, tí aláṣẹ sì jẹ́rìí sí i, kí owó tó wọlé.

Texas tún ní ìdẹ̀ra fún àwọn tó ń wa epo. Owó ìjọba lórí epo rọ̀bì jẹ́ 4.6 lórí 100. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n pàtàkì fa èyí tó ṣẹ́ kù sínú kànga lè san 2.3. Bí ó bá jẹ́ kábọ́nì tí wọ́n gbà mú láti inú èéfín ló fi ń tì í jáde, ó lè dín sí ìdajì ìyẹn, 1.15.

Kí ló ti ibẹ̀ jáde? Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Penwell, lẹ́bàá Odessa, wọn kò kọ́ ọ rárá, bí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ti ṣèlérí ọ̀pọ̀ owó fún un. Òmíràn, Petra Nova, nítòsí Houston, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Ó ná wọn tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ìjọba àpapọ̀ fi nǹkan bí 190 mílíọ̀nù ràn wọ́n lọ́wọ́. Epo tí wọ́n ń fi kábọ́nì náà tì jáde ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 2020, wọ́n ti ẹ̀rọ náà pa. Ó di 2023 kí wọ́n tó tún un ṣí.

4. Ọ̀rọ̀ kan àwọn alájẹṣẹ́kù

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Láti 2008 ni wọ́n ti ń fún ilé-iṣẹ́ ní ìdẹ̀ra 20 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kábọ́nì kan tí wọ́n bá sin. Òfin 2018 gbé e sí 50 díẹ̀díẹ̀. Òfin 2022 gbé e dé 85.

Wàyí o, láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti fa iná wọ ìgbèríko, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò rí èrè níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni kì í san owó orí lórí èrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá tilẹ̀ ra ẹ̀rọ iná oòrùn, ìdẹ̀ra náà kò lè dé ọwọ́ wọn tààrà. Òfin 2022 ló ṣí ọ̀nà pé kí ìjọba san iye rẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó. Ẹ rí i pé bí wọ́n bá ṣe kọ òfin ló ń sọ ẹni tí yóò jẹun níbẹ̀.

5. Ohun tí ó kàn wá

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ wá bá wa, tí ó ní ìjọba yóò bá wa dá nínú owó rẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin ni kí a bi í:

(a) Ọwọ́ ta ni owó náà yóò wọ̀: tiwa ni tàbí ti ẹni tó ta ẹ̀rọ?
(b) Ṣé kí a tó ra ẹ̀rọ ni, tàbí lẹ́yìn tí a bá ti ná owó tán? Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn, ta ni yóò san èlé orí owó tí a yá títí dìgbà náà?
(d) Bí ìjọba bá yí òfin padà, ṣé ẹ̀rọ náà yóò ṣì pa owó ara rẹ̀?
(e) Kí ni èrè wa gbójú lé? Bí iye owó nǹkan náà bá já, ǹjẹ́ a ó lè san gbèsè?

Ẹ má gbàgbé pé owó àjọ àwọn ìyálọ́jà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó wà nínú àpótí wa. Owó la fi ń pe owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlérí kì í ṣe owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí àwọn tí kò lè kà, kí a lè jùmọ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀ kí a tó dìbò lórí ẹ̀rọ oòrùn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́