*ÀGBÒ TÓ TÀDÍ MẸ́YÌN*

*Bíbélì kíkà:* 1 Àwọn Ọba 19:1-8

Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń sáré, tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, àti fún ẹ̀yin òbí wọn.

Ọmọ kan lè mọ eré sá dáadáa lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Tó bá wá ku ọ̀la ìdíje, oorun á dá lójú rẹ̀, inú á máa run ún, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Tó bá ní, "Màámi, ẹ̀rù ń bà mí," kí la sábà máa ń sọ? "Má sọ bẹ́ẹ̀! Kì í ṣe ìpín rẹ! Ṣé o ò nígbàgbọ́ ni?" Ọmọ á dákẹ́. Àmọ́ ẹ̀rù ò lọ o. Ẹ̀rù ti di ẹrù tó ń dá rù nìyẹn.

Ẹ wo Simone Biles, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ta òkìtì nínú eré gymnastics. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó gba góòlù 4 nínú Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016. Nígbà tó fi máa dé Tokyo lọ́dún 2021, góòlù nìkan ni gbogbo ayé ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kan péré, ó rí i pé bí òun ṣe wà lókè, òun ò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Nínú eré yẹn, ẹni tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè fi ọrùn gúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ síta, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì parí ìdíje náà, wọ́n gba fàdákà. Àwọn kan pè é ní ojo. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó padà wá díje lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba idẹ. Ní Paris lọ́dún 2024, góòlù 3 àti fàdákà 1 ló kó lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wọn díje níbẹ̀, òun kọ́kọ́ bá ẹni tó ń tọ́jú ọkàn òun sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ wá wo Èlíjà. Lẹ́yìn iṣẹ́gun ńlá lórí òkè Kámẹ́lì, ọ̀rọ̀ Jésíbẹ́lì lé e sá. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíá-Ṣébà, ó dá wọ aginjù, ó ní kóun kú. Ǹjẹ́ Ọlọ́run bá a wí níbẹ̀? Rárá. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi wá. Èlíjà jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i kó jẹun. Lẹ́yìn èyí ló wá rin ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù. Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú, ìwàásù ló tẹ̀ lé e.

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ò nígbàgbọ́.

*Ohun tá a máa ṣe:*
Ìwọ ọ̀dọ́, má dá a rù. Kó o tó wọ pápá, sọ ọ́ fún Ọlọ́run, sì sọ ọ́ fún ẹnì kan: kóòṣì ẹ, ẹ̀gbọ́n ẹ, tàbí òbí ẹ. Jẹun, sùn, mí kanlẹ̀, kó o tó sáré tìẹ.
Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó gbàdúrà. Ẹ sọ fún un pé bó gbé ipò kìíní, bí ò gbé e, ọmọ yín náà ni. Tí àìsùn àti àìjẹun bá sì di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Àdúrà ò ní kí ẹ má lọ.

*Àdúrà:* Baba, ìwọ tó fún Èlíjà lóúnjẹ nínú aginjù, jọ̀ọ́, fi ọkàn àwọn ọmọ wa balẹ̀. Fún àwa náà ní etí tó ń gbọ́ wọn. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ ní ọjọ́ rere o.