Àsìkò Gbígbin Sitirọ́bẹ́rì: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ọgbà Ilé ní Ìyìn-Èkìtì

0.0 Ìfáárà

Sitirọ́bẹ́rì jẹ́ ewéko kúkúrú tí ń ta ìtàkùn nílẹ̀, tí èso rẹ̀ pupa, tí ó sì rọ̀. Ìwé tí a kọ fún àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń sọ pé ìgbà ìrúwé ni kí á gbìn ín. Bí ògbufọ̀ bá fi oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe rọ́pò ìgbà náà fún òǹkàwé ní Ìyìn-Èkìtì, gbólóhùn rẹ̀ yóò gún régé, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn lè kú mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

1.0 Ohun tí ewéko náà ń fẹ́

Ojúmọmọ kúkúrú àti ìtutù ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ irú sitirọ́bẹ́rì yọ òdòdó. Ní Ìyìn, ojúmọmọ kì í tó wákàtí 13 nígbà kankan nínú ọdún. Ooru ni ìṣòro ibẹ̀. Bí èso bá sì yọ nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi, ẹrẹ̀ a ta sí i, a sì jẹrà. Ní òkè Jos, tí ó fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, àwọn àgbẹ̀ Chaha ń gbìn ín nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ń ká èso rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

2.0 Ọ̀rọ̀ tí èdè ti ní

Òjò ni Yorùbá fi pín ọdún, kì í ṣe ewé igi. Àkọ́rọ̀ (à-kọ́-rọ̀) ni òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀, láti Ẹrẹ́nà tàbí Igbe. Àrọ̀kúrò (à-rọ̀-kúrò) ni èyí tí ń rọ̀ lọ sópin, lẹ́yìn ìdádúró òjò ní oṣù Ògún, títí di Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Bélú. Àkùrọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì: ibi ni ó ń tọ́ka sí, èyí ni ilẹ̀ ọlọ́rinrin lẹ́bàá odò tí a fi ń dá oko ẹ̀ẹ̀rùn. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì.

3.0 Àbá

Ìkángun àrọ̀kúrò ni ó yẹ kí a lò fún àsìkò gbígbin sitirọ́bẹ́rì. Ní Ìyìn, oṣù Ọ̀wàrà ni èyí bọ́ sí. Gbòǹgbò yóò ti mú ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Láti ìgbà náà, kí olóko máa bomi rin ín, kí ó fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ó sì ṣíji bò ó lọ́sàn-án. Ìyìn kò ga tó òkè Jos, nítorí náà èso lè má pọ̀. Inú ìkòkò díẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ dán an wò.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Orúkọ ewéko lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ti àsìkò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni àgbẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́. Kí ògbufọ̀ kọ́kọ́ wádìí òjò tí ó bá ewéko mu, kí ó tó wá ọ̀rọ̀ tí yóò pè é.