Àdírẹ́sì Ta Nìyẹn, Ọmọ Mi?

Ọmọ mi, ìwọ tí ọkàn rẹ ń fà sí iṣẹ́ inú kernel, fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì kò wúlò fún ọ títí o fi mọ ẹni tó ni ín. Ojúlé kejìlá wà ní Mọ́kọ́lá, ó sì wà ní Òkè-Àdó. Ẹni tó bá di nọ́ńbà mú láìbèèrè àdúgbò, ilé ẹni ẹlẹ́ni ni yóò já sí.

Láti ìgbà tí KVM ti wọ inú Linux 2.6.20 lọ́dún 2007 ni kernel fúnra rẹ̀ ti di onílé tó ń gba ẹ̀rọ mìíràn lálejò. Àlejò yìí gbà pé òun ló ni gbogbo mẹ́mọ́rì, pé láti oódo ni tòun ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń fi yangàn kò ju apá kan lára mẹ́mọ́rì QEMU, ètò tó ń bá KVM gbé àlejò dúró, lọ́dọ̀ onílé. Àdírẹ́sì tí ètò inú àlejò bá lò, àlejò á kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èyí tí òun kà sí ojúlówó, onílé á tún wá túmọ̀ ìyẹn sí ojúlówó gan-an. Nígbà kan rí, kernel ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ page table tó já ọ̀nà méjèèjì pọ̀, bí àlejò bá sì ti yí tirẹ̀ padà, kernel á sáré tún tirẹ̀ kọ. Wàhálà gbáà ni. AMD àti Intel ló gbé iṣẹ́ náà lé chip lọ́wọ́, Intel pe tirẹ̀ ní EPT. Síbẹ̀, bí page table méjèèjì bá ní ipele mẹ́rin-mẹ́rin, tí TLB, ibi tí chip ń tọ́jú ìtúmọ̀ tó ti ṣe sí, kò sì ní ìdáhùn nílẹ̀, chip lè ka mẹ́mọ́rì nígbà 24 kó tó túmọ̀ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Abájọ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń lo ojú-ewé (page) 2MB dípò 4KB, torí ó ń dín kíkà yìí kù.

Àwọn tó kọ KVM mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí o fi máa rí gva_t, gpa_t, hva_t àti hpa_t nínú kóòdù wọn, g fún àlejò (guest), h fún onílé (host), va fún virtual address, pa fún physical address. Ṣùgbọ́n má gbójú lé orúkọ nìkan o, torí nọ́ńbà lásán ni gbogbo wọn lójú C: bí o bá fi gpa sí àyè hva, compiler lè má wí nǹkan kan.

Èyí tó ká mi lára jù ni àdírẹ́sì tí àlejò fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ. Ó lè darí rẹ síbi tí kò sí mẹ́mọ́rì rárá, vCPU rẹ̀ mìíràn sì lè yí ohun tó wà níbẹ̀ padà bí o ti ń kà á lọ́wọ́. Fi kvm_read_guest kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o wá yẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ wò, má padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí kóòdù rẹ kò bá sì tíì yẹ ìdáhùn kvm_read_guest wò bóyá àṣìṣe ni, jọ̀ọ́, ọmọ mi, má tíì fi patch yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.