Ìsinmi Wà Lára Ìtọ́jú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le koko. Bí òwe yìí bá kan ẹnikẹ́ni, ó kan ẹni tí wárápá, rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn gbígbọ̀n tí wọ́n ń pè ní Parkinson ń bá fínra. Àárẹ̀ tó ń bá àwọn àìsàn wọ̀nyí rìn yàtọ̀ sí ti ẹni tó roko dé. Èèyàn lè sùn mọ́jú, kí ara ṣì wúwo bó ṣe jí, kí orí má fẹ́ ronú. Kódà ẹni tí rọpárọsẹ̀ rẹ̀ kò le, tó ti ń rìn dáadáa, lè máa bá àárẹ̀ yí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Aládùúgbò á wò ó, kò ní rí egbò, á ní ọ̀lẹ ni. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ní Adó-Odò àti Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ ló tún ń dá kún àárẹ̀ náà. Láti Àgbárá dé Sango, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kì í sùn. Òṣìṣẹ́ á ṣe ti ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, á ṣe náìtì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá jáde láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango ń dúró dè é. Kó tó délé, oòrùn ti mú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún. Bẹ́ẹ̀ àìrórunsùn wà lára ohun tó tètè ń mú kí wárápá gbé èèyàn. Wárápá kò sì ṣàjèjì: nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí ní Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1987 fi hàn pé bí èèyàn 5 nínú 1000 ló ní in.

Oníwárápá tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́, gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí o fi bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fi ọ́ sí ti ọ̀sán, kí wọ́n sì gbé ọ kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń yí. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, kó sì ní odidi ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Fún ọ̀sẹ̀ 2, kọ wákàtí tí ara ń yá àti èyí tó ń rẹ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní Parkinson, ìgbà tí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́ lára ni kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jáde. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà Ọ̀tà lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, kó gbé atẹ sórí tábìlì, kó jókòó sórí àga, kó yé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó ṣa ata fún ìgbà díẹ̀, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìsinmi tí a dúró dè títí àárẹ̀ fi gbé ni ṣánlẹ̀ ti pẹ́ jù.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, má fọ gbogbo aṣọ ilé, kí o tún gba òde ìnáwó lọ, nítorí orí ẹní ni wàá ti lo ọ̀la. Ṣùgbọ́n má dùbúlẹ̀ ṣáá: rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ kí oòrùn tó mú, kí iṣan má baà rọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ló ti inú àìsàn náà wá. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà nídìí rẹ̀. Oògùn wárápá bíi phenobarbitone náà máa ń kunni lóorun. Sọ fún dókítà, ó lè yí ìwọ̀n rẹ̀ tàbí àkókò tí ò ń lò ó padà. Má dá oògùn wárápá dúró fúnra rẹ, torí ìyẹn lè mú kí wárápá máa gbéni léraléra láìdáwọ́ dúró, èyí tó lè mú ẹ̀mí lọ.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọkọ, aya, ọmọ, ọ̀gá ilé-iṣẹ́: ẹ gba omi pípọn àti ẹrù gbígbé lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Bó bá sì ní ó rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́.